Mínísítà Lórí Kápẹ́ẹ̀tì Jésù

Bàtà ọ̀tún Evelio ni ọmọ ajá náà kọ́kọ́ tọ̀ sí.

Lẹ́yìn náà ló tọ̀ sí tòsì, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe ojúsàájú.

Ó wá kọjú sí ilé. Ó tọ̀ sórí àga onítìmùtìmù. Ó tọ̀ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó tọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tí Doña Obdulia, ìyàwó Evelio, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán, tí ooru áyọ́ọ̀nù ò tíì kúrò lára wọn. Àwọn aṣọ náà dún pé ṣíìììì! Ajá tí ò ju ìṣù búrẹ́dì kan lọ! Mo bi Evelio bóyá ńṣe ló so ẹnu ajá náà mọ́ páìpù omi ìjọba.

Mínísítà lorúkọ ajá yìí. Evelio ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń jẹ, ó ń sùn, ó ń ba nǹkan jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ọ́ nípò.

Ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí wíńdò mi, títì kan ló wà láàárín wa. Láti ọjọ́ tí ajá yẹn ti dé ni mi ò ti tan tẹlifíṣọ̀n tèmi mọ́.

"Evelio!" Ohùn Obdulia ló ń bọ̀ yẹn, ó gba orí òrùlé kọjá. "Èmi tàbí ajá yìí!"

Evelio, káfíńtà, ọkùnrin jẹ́jẹ́, yọ pẹ́ńsùlù kúrò létí. Ó wo Obdulia. Ó wo ajá. Ó tún wo Obdulia.

"Ò ń rò ó?" Obdulia figbe ta. "Evelio, o tiẹ̀ ń rò ó?"

"Rárá o, ayaba mi. Ojú ló ń yún mi."

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo ki kọ́tìnnì bọ ẹnu.

Obdulia bá dá ẹjọ́: "Tí Ọjọ́rú Eléérú bá dé, tí ajá yìí ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí, oko kọfí ẹ̀gbọ́n mi ló ń lọ. Wọ́n á so ó mọ́ igi lọ́hùn-ún, kó máa tọ̀ sí kọfí."

"Áà, ìdí rèé tí kọfí ẹ̀gbọ́n ẹ fi rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ó dáa, ayaba mi."

Àmọ́ ọkàn Evelio ti bàjẹ́. Nínú ilé yẹn, ajá yìí nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá rí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé Mínísítà jáde láàárọ̀. Mínísítà gbóòórùn ògiri, ó gbóòórùn òpó iná, ó kí gbogbo ajá àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ìbò. Kò tọ̀. Wọ́n padà wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ pálọ̀ ni.

Ṣọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀!

Evelio tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún un. Mínísítà jẹ ojú ewé bọ́ọ̀lù, ó jẹ ojú ewé òkú, ó mumi lé e, ó lọ tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Obdulia.

"Ó kéré tán, ó fẹ́ràn ìwé," Evelio sọ.

"Kó máa kó ẹrù rẹ̀," Obdulia dáhùn.

Ó ku díẹ̀ kí Ọjọ́rú Eléérú dé, Evelio wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń fi ayùn rẹ́ pákó, ìyẹ̀fun pákó ń dà sílẹ̀ wuruwuru lábẹ́ tábìlì títí ó fi di òkìtì. Mínísítà rìn wọlé. Ó gbóòórùn òkìtì náà. Ó yí po. Ó tún yí po. Ó dijú bí ẹni tó fẹ́ gba ara Olúwa.

Ṣọ̀ọ̀ọ̀.

Evelio kígbe débi pé èmi tí mo wà lódìkejì títì rò pé ayùn ti gé e lọ́wọ́.

"Ó ti ṣe é! Obdulia, sáré wá! Ó ti ṣe é síbi tó dáa!"

Obdulia sáré dé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń jó yí ìtọ̀ ajá ká.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe wọlé o. Evelio kan àpótí pẹlẹbẹ kan, ó da ìyẹ̀fun pákó kún inú rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Àràárọ̀ ló ń bu tuntun lé e lórí. Tí Mínísítà bá tọ̀ síbẹ̀, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, pà-pà-pà-pà! Wọ́n á ju awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí i lẹ́nu. Tó bá ṣe èyí tó nípọn, àtẹ́wọ́ á nípọn, awọ ẹlẹ́dẹ̀ á di méjì. Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ti ń lo ṣáláńgá láìṣì í láti kékeré, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi rí?

Ọjọ́rú Eléérú dé, kò sí ẹ̀kán ìtọ̀ kan nínú ilé. Ó wá ku kí Obdulia pa wá pẹ̀lú fáàrí.

"Tránsito," ó pè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, "ajá mi mọ ìmọ́tótó ju ọkọ ẹ lọ."

"Obdulia, ọkọ mi ti kú."

"Mo mọ̀. Kó tó kú ni mò ń sọ."

Ó wá ku ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n máa ru ère Jésù ní ìwọ́de gba títì wa kọjá.

Gbogbo ilé ló ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì síwájú ìta rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rà o. Ilẹ̀ títì la ó tẹ́ ẹ sí, a ó wá máa fi asẹ́ gbọn àwọ̀ oríṣiríṣi lé e, a ó yà á ní òdòdó, ní àgbélébùú, ní ẹyẹ, títí yóò fi dà bí aṣọ ayaba. Lórí pákó tí wọ́n gbé dábùú bíríkì lèèyàn ń dọ̀bálẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí ẹsẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì náà. Ẹsẹ̀ àwọn tó ru Jésù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ṣáájú wọn tẹ̀ ẹ́, kó yáa wá ìlú míì.

Kí la sì fi ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì yìí?

Ìyẹ̀fun pákó.

Ìyẹ̀fun pákó tí a rẹ láró! Evelio gbé àpò mẹ́rin jáde láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láti abẹ́ ayùn kan náà. Gbogbo wa ràn wọ́n gbé e. Èmi náà gbé. Kò sẹ́ni tí orí rẹ̀ ta á lólobó. Ojú ẹ̀sìn la fi ń wo gbogbo rẹ̀.

Láti àárọ̀ ni Obdulia ti dọ̀bálẹ̀ lórí pákó, ìdí lókè, ó ń já asẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àwọ̀ elésè àlùkò létí, ewéko tútù yí i ká, ní àárín gbùngbùn ni ọ̀dọ́ àgùntàn funfun kan wà, ó sanra, ojú rẹ̀ rẹwà ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo sunkún díẹ̀. Mo gbà.

Bùmù. Bùmù. Ìlù ńlá ìwọ́de ti ń dún ní ìkóríta.

"Ìbòrí mi!" Obdulia pariwo. Ó sáré wọlé lọ mú ìbòrí orí rẹ̀ tó sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti Mínísítà mọ́.

Fíòòò!

Ọmọ ajá já gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó dé etí kápẹ́ẹ̀tì, ó dúró gírígírí. Imú rẹ̀ ń ṣe fín-fín-fín. Ó wo apá ọ̀tún, ìyẹ̀fun pákó. Ó wo apá òsì, ìyẹ̀fun pákó. Ojú ajá náà kún fún ọpẹ́. Gbogbo ìgbà tó ti ń ṣe é sínú àpótí kékeré yẹn, ó jọ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń rí i, wọ́n sì ti kọ́ ààfin fún un.

"Mínísítà," Evelio sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ọmọ mi, má ṣe."

Mínísítà rọra rìn lọ sí àárín. Ó dé orí ọ̀dọ́ àgùntàn. Ó yí po. Ó tún yí po.

"Má dijú o!" Evelio ń bẹ̀bẹ̀. "Mínísítà, má dijú!"

Ó dijú.

Ṣọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀ọ̀!

Kò sẹ́ni tó lè wọ inú kápẹ́ẹ̀tì lọ gbé e. Ẹ̀sìn ni! Gbogbo wa dúró létí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń rì sómi. Ọ̀wọ́ òyìnbó kan tó wá wòran kò mọ nǹkan kan, inú wọn dùn, wọ́n ní irú ajá wo nìyí. Kí ni wọ́n ṣe?

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Pà-pà-pà-pà-pà!

"Ẹ má pàtẹ́wọ́!" Evelio figbe ta, ó gbá orí mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mínísítà gbọ́ àtẹ́wọ́, ó rí i pé èrò pọ̀, ó rò ó pé awọ ẹlẹ́dẹ̀ òní á ga dé òrùlé. Ó ká ẹ̀yìn. Ó ṣe èyí tó nípọn.

Ó ga o! Ó ń yọ èéfín!

Ó wá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ilẹ̀, ṣàà! ṣàà! ṣàà! Orí ọ̀dọ́ àgùntàn fò lọ, ó di eruku lójú òyìnbó kan.

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rín ń pa mí, mo dì mọ́ òpó iná!

Obdulia jáde pẹ̀lú ìbòrí lórí, ó rí i. Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Oko kọfí," ó sọ. "Lọ́la. Láàárọ̀."

Evelio ti gbé pákó padà dábùú bíríkì, ó fò sórí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó bu ìyẹ̀fun pákó tó ṣẹ́kù, ó fi bo nǹkan náà. Mínísítà wò ó. Ṣé bí Bàbá ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyí, tó bá ti bu tuntun? Ó padà wá, ó yí po.

"Gbé e kúrò níbẹ̀, òpònú!" Obdulia rọ́ lu ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Evelio na ọwọ́, ó fa Mínísítà nírù, ó gbé e mọ́ àyà.

Bùmù! Bùmù! Tùràrí ti ń wọ títì wa. Obdulia wo òkìtì tó wà níbi tí orí àgùntàn yẹ kó wà. Ó yí sí mi.

"Tránsito, kí lo ní nílé?"

"Kábéèjì."

"Gbé e wá."

Mo gbé kábéèjì funfun wá. Ó fi bo òkìtì náà pátápátá, ó fi ẹ̀wà dúdú méjì ṣe ojú, ó fi òdòdó yí ọrùn rẹ̀ ká. Ló bá di orí àgùntàn. Ó fò bọ́ọ́lẹ̀ lórí pákó, wọ́n gbé pákó kúrò, Don Crisanto sì ti dé.

Don Crisanto ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ru Jésù. Òun ló ń ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá fàdákà, ojú rẹ̀ le bí àkàrà àná. Ó dúró níwájú kápẹ́ẹ̀tì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo orí àgùntàn náà. Ó fa imú.

Ó tún fa imú.

Èémí gbogbo wa dúró.

Omi bọ́ lójú bàbá náà. "Ó tilẹ̀ ń rùn bí àgùntàn gidi," ó sọ.

Jésù sì dé lórí èjìká ọgọ́rin ọkùnrin aláṣọ elésè àlùkò, wọ́n ń fì sọ́tùn-ún, wọ́n ń fì sósì, gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, ojú wọn wálẹ̀ fún ìrònúpìwàdà. Ẹni iwájú gbé ẹsẹ̀ lé kábéèjì.

Pọ̀ọ̀ṣì!

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Kò lè sọ̀rọ̀, kò lè dúró, Jésù wà lórí rẹ̀! Ó tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹni ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, ó ń lọ láti bàtà dé bàtà bí ìhìnrere. Àwọn òǹwòran tó dúró létí ọ̀nà ní àwọn ò tíì rí ìrònúpìwàdà tó tó ìyẹn lójú ẹni tó ru Jésù rí.

"Ẹ fi kún tùràrí!" ẹnì kan ń ké láti àárín wọn. "Ẹ bá mi fi kún tùràrí!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ oko kọfí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Evelio jókòó sórí òkúta àtẹ̀wọlé, ó gbé Mínísítà sórí itan, abọ́ ajá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Obdulia dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà. Èmi náà ti wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ fún mi ní àsọdùn.

Bẹ́ẹ̀ ni Don Crisanto yọ láti ìkóríta, ó ṣí fìlà. Ó ti pààrọ̀ bàtà.

"Doña Obdulia, ẹ kú àárọ̀. Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn yín. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ní òun gbóòórùn ibùjẹ ẹran Bẹ́tílẹ́hẹ́mù."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," Obdulia sọ. Ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́.

"Ẹgbẹ́ ti pinnu. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe kápẹ́ẹ̀tì iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́ Ẹtì Rere."

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì! Láti ìgbà tí mo ti mọ Obdulia ló ti ń sunkún nítorí ibẹ̀.

"Àmọ́ àgùntàn méjìlá la fẹ́," Don Crisanto ń bá a lọ, "kí wọ́n dúró fún àwọn àpọ́sítélì. Òórùn yẹn gbọ́dọ̀ wà lára gbogbo wọn o. Kí tiẹ̀ lẹ fi ṣe é?"

Mo gé ètè jẹ.

"Àṣírí ìdílé ni, Don Crisanto," Obdulia dáhùn.

Bàbá náà kí wa, ó lọ. Awakọ̀ oko kọfí fun fèrè, pẹ́ẹ̀ẹ́ẹ̀! Obdulia wo ajá. Ẹnu rẹ̀ ń ṣírò: méjìlá. Ó mí kanlẹ̀.

"Evelio," ó sọ, "gbé ọmọ yẹn wọlé padà. Kí o sì gbé ẹ̀wà kaná fún un."

"Ìkòkò kékeré, ayaba mi?"

"Ìkòkò ńlá."