Ọkọ Iná àti Awọ Ìyá Ìkókó

Kí Zarku tó dá iná fún wa, á kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí orí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé iná ti ń jó níbẹ̀. Á wá rọra gbọn ọwọ́ náà, kí ó má baà jó wa.

Ó ní ká máa pe òun ní Ọkọ Iná. Àwọn obìnrin a máa fi kún un: Ọkọ Iná, Àna Èéfín, ọkùnrin tí oòrùn ń yá iná lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ a dùn.

A kì í gbé iná ibùdó àtijọ́ wọ ibùdó tuntun. Iyanrìn la fi ń bò ó. Zarku ló ń dá tuntun. A óò kọ ẹ̀yìn sí i, a óò gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú ihò igi, èéfín á sì dé. Ẹ̀dọ̀ ẹran ọjọ́ náà, tirẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí a dé etí adágún tó ti gbẹ, a ò rí ẹran pa. Oòrùn fẹ́ wọ̀, afẹ́fẹ́ ti ń tutù. Nemishi bímọ lójú ọ̀nà, ọmọ náà sì ń gbọ̀n. Zarku wá ẹ̀dọ̀ tì. Ó wo awọ ẹtu tí wọ́n fi wé ọmọ, ó ní ìyẹn náà tó.

Nemishi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ dá iná ná.”

“Iná mi kì í jáde lófìfo, àbúrò.”

Udda, ìyá ọkọ Nemishi, bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fún un. Zarku ní òun á gba ìlẹ̀kẹ̀, òun á sì gba awọ. Ó wá dúró, ó ń ka oríkì ara rẹ̀ fún wa. Ó kà á pẹ́.

Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú lábẹ́ apá rẹ̀.

Udda ní, “Zarku, ọmọ mi, ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

Ó ní iná ló ń kí òun. Ó ń fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì.

“Tètè dá a lóhùn.”

Ó já ìbora rẹ̀ sọnù. Èèpo ẹyin ògòǹgò kan jábọ́ nínú rẹ̀, ó fọ́. Ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ ló kún inú rẹ̀, ògúnná ibùdó tí a ti kúrò sì ń pọ́n láàárín rẹ̀.

“Ọ̀pá wo lo wá ń yí fún wa látọjọ́ yìí?”

“Mo fi ń yẹ́ iná sí ni, Màmá.”

Ẹnì kan kùn pé iná àtijọ́ ni. Nemishi kó koríko lé ògúnná náà, ó fẹ́ ẹ, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Udda gba ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ padà. Ó sún díẹ̀, ó ní kí Zarku wá jókòó, òtútù ń mú.

Zarku mú ìbora rẹ̀ nílẹ̀, ó dà á bora, ó yí ihò tí iná jó sí i síwájú kí a má baà rí i, ó sì kọrí sí òkìtì iyanrìn lóun nìkan.