Ìka Márààrún Célestin

Ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, Célestin sì lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ kú o. Bàbá ìyàwó ló ń kí.

Bàbá Olútóyè ló ń wa ọkọ̀ náà, bâchée àtijọ́ kan tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ti fọ́ kí wọ́n tó bí Àjíkẹ́, ọmọ tí Célestin fẹ́ fẹ́. Bàbá yọ orí lójú fèrèsé, ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó ń gbé ọkọ̀ wọ àgbàlá ilé rẹ̀ ní Anoumabo, ní ìlú Abidjan. Ọ̀sán Sunday ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Èmi Àrìmíyàù aránṣọ, tí mo mú ọmọkùnrin náà wá láti fi ojú rẹ̀ han àwọn àna, ni mo sáré fà á lẹ́sẹ̀ kúrò lábẹ́ táyà.

"Célestin, àwọn èèyàn máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ná, kí wọ́n tó kí ẹni tó wà nínú rẹ̀."

"Vieux père, ẹ̀yin lẹ ní kí n má dúró lórí ẹsẹ̀ níwájú àgbà."

Òótọ́ ni, mo wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi kọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Abidjan ni wọ́n bí Célestin sí, Yorùbá tó ń gbọ́ ju èyí tó lè sọ lọ, Bàbá Olútóyè sì jẹ́ ẹni tí í rí àrífín níbi tí Ọlọ́run pàápàá kò tíì wò dé. Ó ti lé ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ Àjíkẹ́ dànù rí torí pé ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù nígbà tí òun ń gbàdúrà. Célestin mọ̀ pé tí òun náà bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lónìí, ọmọ náà lọ nìyẹn.

Mo ní kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Mo ní kó má wo àgbà lójú kòrókòró. Mo ní kó má súfèé. Mo ní tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, kò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ tán.

"Donc, kí n jẹ ẹ́ ni àbí kí n má jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọ náà gbọ́. Olórí pípé ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń ronú kan ọkọ̀ nígbà tó bá ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kí àna?

Iṣẹ́ Célestin nìyí: iwájú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Zone 4 ló máa ń dúró sí láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, òun ló ń júwe fún ọlọ́kọ̀ bí wọn yóò ṣe páàkì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Kódà tó bá ń sùn, ìyá rẹ̀ ní ó máa ń páàkì ọkọ̀.

Bó ṣe gbọn eruku kúrò lára tó sì rí ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn bọ̀, iṣẹ́ gùn ún.

"Recule, Papa! Recule! Doucement! Ẹ gé e sí ọ̀tún! Voilà! Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀!"

Inú Bàbá dùn. Ó ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. "Ọmọ ta nìyí? Ọmọ yìí gbọ́n!"

Mo sọ fún ara mi pé a ti fẹ́ ìyàwó tán.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, lẹ́bàá ògiri, ni Ìyá Àjíkẹ́ gbé abọ́ attiéké ńlá kalẹ̀ sí, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àwa àlejò lálejò. Attiéké funfun báláú, ó ga débi ọ̀run. Ọkọ̀ ń sún mọ́ ọn. Ó ń sún mọ́ ọn.

Célestin fò síwájú fèrèsé, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbọọrọ, ó la àtẹ́lẹwọ́, ó ya ìka márààrún, ó tì í sí ojú Bàbá Olútóyè.

"STOP!"

Gììì! Ọkọ̀ dúró.

Ìyá Àjíkẹ́ gbé ọwọ́ lérí. Ajá ilé, tó ń gbó tẹ́lẹ̀, ká ìrù sábẹ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀: tí Yorùbá kan bá ya ìka márààrún tó tì í sí ọ lójú, wàká nìyẹn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ló bú. N kò mọ ìgbà tí ìyá èèyàn wọ inú àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn, n kò sì mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wà.

Bàbá Olútóyè ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìbínú kò jẹ́ kó rántí bíréèkì ọwọ́.

"Sí èmi? Wàká? Lójú ilé mi?"

"Papa, stop ni mo ní."

"Ìyá mi lo bú!"

"Papa, walahi, mi ò mọ ìyá yín."

"Ẹ gbọ́ o! Ó tún ní òun ò mọ ìyá mi!"

Bí wọ́n ṣe wà lórí ìyẹn, bâchée náà ń yí lọ ní tirẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń lọ.

GBÌRÀMÙ!

Attiéké gba ojú ọ̀run lọ. Ó rọ̀ sórí Bàbá, ó rọ̀ sórí mi, ó rọ̀ sórí ajá. Ajá nìkan ni inú rẹ̀ dùn.

Bàbá nu attiéké kúrò lójú, ó ní, "Kò fẹ́ ọmọ mi mọ́. Ó parí." Àjíkẹ́ bú sẹ́kún nínú yàrá. Célestin wò mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Vieux père, c'est gâté, ó ti bàjẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ẹ̀rín ń pa mí! Mo di ẹnu mú títí a fi dé títì.

A gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Alága. Gàfárù lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní àdúgbò Marcory, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, gbogbo wa jókòó sí àgbàlá rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Sànní akọ̀wé wà níbẹ̀. Ìyá Rakiatou, àgbà obìnrin wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú orógbó lẹ́nu.

Alága ní, "Olútóyè, fara balẹ̀. Fi bó ṣe ṣe é hàn wá."

Bàbá Olútóyè dìde, ó ya ìka márààrún, ó tì í sí Alága lójú gbàù.

Alága fa orí sẹ́yìn.

"Olútóyè. Èmi lo ṣe é fún?"

"Mo ń júwe ni, Alága."

"O júwe kọjá ààyè. Ìka rẹ kan imú mi."

Sànní ní kí wọ́n má bínú, pé bí òun ṣe gbọ́ ọ, kò le tó bẹ́ẹ̀, pé báyìí ni. Ó ṣe tirẹ̀ sí Bàbá Olútóyè. Bàbá ní, "Sànní! O tún fi kún un!" Ẹnì kan ní rárá, apá gbọ́dọ̀ nà tán kó tó di èébú; ó nà á sí Sànní. Sànní ní èébú ni bí apá bá ká pàápàá. Ó ká a, ó dá a padà. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo àgbàlá ti ń wàká ara wọn nítorí àlàyé. Ẹni tó bá wọlé lásìkò yẹn yóò rò pé ogun dé.

Alága gbá tábìlì. "Célestin, ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Zone 4 yẹn, ta lò ń ṣe é fún?"

"Alága, tout le monde, gbogbo èèyàn. Àwọn ọ̀gá ńlá. Àwọn òyìnbó."

"Òyìnbó kì í bínú?"

"Non. Wọ́n máa ń dúpẹ́, wọ́n á ní merci."

Ẹnu ya gbogbo ilé.

Bàbá Olútóyè ní, "Òyìnbó ò ní ìyá ni?"

Ìyá Rakiatou yọ orógbó lẹ́nu. "Ẹ jọ̀wọ́, tí ó bá pa àwọn ìka náà pọ̀ ńkọ́, tí kò yà wọ́n?"

Wọ́n gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n ní tó bá pa wọ́n pọ̀, kò burú.

"Tó bá ya mẹ́rin, tó ká àtàǹpàkò?"

Wọ́n gbé ìyẹn náà yẹ̀ wò títí. Sànní ní mẹ́rin kì í ṣe èébú, pé ó kàn ń múra àtibú èèyàn ni.

Níkẹyìn Alága dá ẹjọ́. Ó ní ọmọ náà kò mọ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tọrọ àforíjì, kí Olútóyè sì gbà á. Ṣùgbọ́n kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni nínú ìdílé méjèèjì kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè sí Bàbá Olútóyè, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá fẹ́ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, kí ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí ó fi orúnkún kúnlẹ̀, kí ó fi ẹnu sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Célestin dọ̀bálẹ̀. Bàbá jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ dáadáa, kí ó tó ní, "Dìde. Ṣùgbọ́n tó bá tún ṣẹlẹ̀, kò sí ìyàwó."

Ọjọ́ ìdána pé. Etí ọ̀sà ní ìsàlẹ̀ Anoumabo la tẹ́ àga sí, níbi tí ilẹ̀ ti rọra ń lọ wọ omi. Èmi ni mo rán agbádá Célestin, mi ò sì ní fi iṣẹ́ ara mi yangàn, ó dára ju ti ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Gbogbo èèyàn ti dé, àfi Bàbá Olútóyè tó lọ gbé bẹ́ǹṣì tí a háyà wá. Àwọn ará ilé ọtí ẹ̀gbẹ́ wa, makí tí kì í dákẹ́, ti ń lu orin gbàù gbàù.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá ò lè wọlé síbi kan kó má fi ẹ̀yìn wọ̀ ọ́?

Bâchée náà yọ, ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀, bẹ́ǹṣì kún inú rẹ̀ dé tapólì. Ó kọjá àga. Ó kọjá tábìlì. Ó kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ọwọ́ Célestin ti fẹ́ yọ jáde nínú agbádá. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Àjíkẹ́ wò ó, ó mi orí pé kó má dán an wò. Célestin ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀.

"Papa, ẹ jọ̀wọ́, s'il vous plaît, ẹ dákun..."

Orin gbé ohùn rẹ̀ mì. Sànní ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. Ìyá Rakiatou kúnlẹ̀, Alága fúnra rẹ̀ fi orúnkún kan ilẹ̀, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Olútóyè, bí inú rẹ bá dùn sí i, omi ló kàn." Ìdílé méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ọwọ́ wà lẹ́yìn, ọkọ̀ sì ń gba àárín wa kọjá. N kò rí ọ̀wọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Bàbá rí wa lójú fèrèsé. Ó rò pé òun là ń kí. Inú rẹ̀ dùn, ó ń mi orí, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ ṣeun o!"

JÀBÀLÀ!

Bâchée wọ ọ̀sà. Bẹ́ǹṣì ń léfòó lọ. Omi dé ilẹ̀kùn, ọkọ̀ sì ń yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké, torí ìjayà ti gba ẹsẹ̀ Bàbá, kò mọ èyí tó ń tẹ̀ mọ́.

Nígbà náà ni ọwọ́ kan yọ lójú fèrèsé. Ó nà gbọọrọ. Ìka márààrún yà gedegbe.

Gbogbo wa na ọrùn wò ó.

Alága, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, bi Sànní pé, "Ta ló ń ṣe ìyẹn fún?"

Sànní yí ọrùn, ó wò ó dáadáa. "Ẹ̀yin ló kọjú sí, Alága."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lórí ẹ̀ nígbà tí Célestin dìde. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó rìn wọ inú omi pẹ̀lú agbádá mi lọ́rùn, omi dé orúnkún rẹ̀, omi dé ìbàdí rẹ̀, títí ó fi dé iwájú fèrèsé náà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ya ìka márààrún, ó tì í sí Bàbá Olútóyè lójú, súnmọ́ súnmọ́.

"STOP!"

Gììì! Ọkọ̀ dúró.

Àjíkẹ́ fi ọwọ́ bo ojú. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó tán."

Bàbá Olútóyè wo ìka márààrún tó wà níwájú rẹ̀. Ó yí ọrùn, ó wo ọ̀sà tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún wo ìka náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Merci," ni Bàbá wí.