Ọjọ́ Tí Ògúndíjọ Fọ Agbada

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ló dọ̀tí? Ẹ má mi orí sí mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, ẹ̀yin náà wá ń sọ ọ́ kiri bí ẹni ń pín ẹ̀pà. Òwe yẹn kò ti inú ọgbọ́n wá. Inú ìbínú ló ti wá, ọkùnrin tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́, ìyà iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó la ẹnu sọ ọ́.

Obìnrin kan wà ní Ìdí-Ọsàn tó ń jẹ́ Ayọ̀ká. Bàbá rẹ̀ kú. Ẹ má wulẹ̀ bá a kẹ́dùn, bàbá náà gbó débi pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an ti ń wá awò ojú. Òkú àgbà ni, ẹ sì mọ̀ pé àkàrà la fi ń ṣe òkú àgbà. Ní agbo ilé wọn ní Àgọ́-Ọ̀pẹ, àkọ́bí obìnrin ló ń jókòó sídìí iná, agbada ìyá rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi dín àkàrà náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ jáde, iwájú àwọn àgbà ẹbí ló ń lọ. Bí ti àkọ́bí kò bá yọrí, ẹni tó tẹ̀ lé e ni yóò gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀, títí ayé ni wọ́n á sì máa fi bú u ní ìpàdé ẹbí. Ẹni tó tẹ̀ lé Ayọ̀ká ni Àdùbí, ọmọ orogún ìyá rẹ̀. Láti àárọ̀ kùtù ni Àdùbí ti gbé agbada tirẹ̀ ka iná. Ó ní òun kàn ń fi wo iná náà ni.

Agbada tí ìyá Ayọ̀ká fi sílẹ̀ fún un dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Epo àti iná ọdún gbọọrọ ló kùn ún bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ kò kàn án rí. Àkísà gbígbẹ ni Ayọ̀ká fi ń nù ún, àkàrà a sì máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ọmọdé tó ń sá fún ìwẹ̀.

Ògúndíjọ lọkọ rẹ̀. Ọlọ́kadà ni. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kò mọ ibi tí iṣẹ́ ti ń parí. Ó ti ra ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ góòlù tó ń kó kúrò nílùú. Àpótí irin funfun báyìí ni. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á kán ọṣẹ sí i, wọ́n á ti wáyà rẹ̀ bọ iná. Omi náà á gbóná, á máa gbọ̀n, á máa dún bí agbọ́n tó há sínú ìgò. Ìgbọ̀n yẹn ló ń lé ìdọ̀tí jáde nínú ihò tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ọ̀kadà ń húkọ́ bí arúgbó. Ògúndíjọ tú u. "Ìyá Bọ́sẹ̀, kabúrétọ̀ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo ló dọ̀tí. Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, a ó fò dé Àgọ́-Ọ̀pẹ bí ẹyẹ."

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ fọ kabúrétọ̀, kẹ́ ẹ sì dè é padà," ni Ayọ̀ká wí. "Mò ń lọ lọ ẹ̀wà. Bí mo bá dé, orí ọ̀kadà ni kí n bá yín."

Èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tí Ayọ̀ká fi máa gbé abọ́ ẹ̀wà dé, oòrùn ti ga. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ agbọ́n inú ìgò. Ó wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, gbogbo ara ọ̀kadà wà nílẹ̀ lórí ọ̀rá. Ìbòrí ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú tẹ́lẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti bó bí èèpo iṣu sísè.

"Ṣé kabúrétọ̀ náà ò tíì mọ́ ni?"

"Ó ti mọ́ látìgbà tó o ti jáde. Ó ń kọ mànà. Omi yẹn ló ṣì gbóná, mo ní kò yẹ kó ṣòfò, mo tún ju kabúrétọ̀ náà sínú rẹ̀. Mo wá rí i pé ọṣẹ náà ò lágbára, mo bá lọ bu omi eérú lọ́dọ̀ ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú."

Ẹ mọ omi eérú. Omi tí wọ́n ń sẹ́ lára eérú èèpo kòkó ni, bó bá kan ọwọ́, ó ń bó ọwọ́. Irin tí wọ́n fi ṣe kabúrétọ̀ kì í ṣe irin gidi, ọmọ ìyá ìkòkò funfun tẹ́ ẹ fi ń se ọbẹ̀ ni. Omi eérú kì í fọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́. Kabúrétọ̀ wọlé ní funfun, ó jáde ní dúdú bí èédú. Ògúndíjọ ní háà, ìdọ̀tí inú lọ́hùn-ún ló ń jáde. Ó dá a padà. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ló ń dúdú, bó ti ń dúdú ló ń fọ̀ ọ́, títí ihò tó yẹ kí abẹ́rẹ́ gbà fi gba ọmọ-ìka.

Ayọ̀ká fẹ́ sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ wá kan nǹkan kan tó funfun bí eérú, tí wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Agbada ta nìyí?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tìrẹ ni. O ò dá a mọ̀, àbí? Àpótí náà ò gbà á tán, mò ń yí i ni, ìlàjì níbí, ìlàjì lọ́hùn-ún. Ìyá Bọ́sẹ̀, wo ìdọ̀tí tó o ti ń fi dín àkàrà fọ́mọ aráyé."

Agbada náà wà níhòòhò bí adìyẹ tí wọ́n hú ní ìyẹ́. Ayọ̀ká kò pariwo. Ó sọ abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù ba ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ," ni Ayọ̀ká wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ̀yin" ló ń pe ọkùnrin yìí. "Ìwọ" yẹn bọ́ sílẹ̀ láàárín yàrá bí odó tó já lójú pẹpẹ.

"Ìwọ Ògúndíjọ. Ìyá mi kú, irin kan ló fi sílẹ̀ fún mi. O fọ ìyá mi dànù."

"Mo rò pé inú yín máa dùn ni." Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yin.

"Ṣé irun orí rẹ ò dúdú ni? Kí ló dé tí o ò ti orí bọ inú àpótí?"

"Ó ti ń hewú," ni Ògúndíjọ ń kùn.

"Yóò hewú tán lónìí."

Wọ́n to ọ̀kadà pọ̀. Kò tilẹ̀ húkọ́ mọ́. Ayọ̀ká gbé agbada lé ọkọ rẹ̀ lórí, ó gbé abọ́ ẹ̀wà sórí ara rẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ Ògúndíjọ ń dúró fún wọn, ọ̀kan tiẹ̀ bi í bóyá fìlà tuntun nìyẹn. Ayọ̀ká ní kí wọ́n máa lọ. Ó ní ẹsẹ̀ lọkọ òun máa fi dé ilé àna rẹ̀. Irin tí kò ní epo lára, òógùn ọmọ ènìyàn tó láti mú un dípẹtà, ìgbà tí wọ́n sì fi dé Àgọ́-Ọ̀pẹ, agbada ti pọ́n bí amọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mà kú ìrìn," ni Àdùbí wí láti ìdí iná tirẹ̀. "Agbada pupa lẹ gbé wá. A ò gbọ́ pé àṣà ti yí padà."

Ayọ̀ká gba agbada lórí ọkọ rẹ̀. Ó fi yanrìn ha agbada, ó da òróró sí i, ó ta àkàrà sí i. Àkàrà wọlé, kò jáde. Ó lẹ̀ mọ́ irin bí ìgbín mọ́ ògiri. Ó fi ìgbákọ họ ọ́, ó fọ́nká, gbogbo rẹ̀ rún wómúwómú bíi gúlúsọ́.

"Ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i," ni Àdùbí wí, "ká fi jẹ ẹ̀kọ."

Bàbá Oyèékàn, olórí ẹbí, ránṣẹ́ láti abẹ́ igi. Ó ní, "Ẹ sọ fún Ayọ̀ká pé ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu wa ló ń dúró yìí. Bí òjìji igi yìí bá kan ògiri tí a ò tíì rí nǹkan, kí Àdùbí máa dín tirẹ̀."

Òjìji náà kò jìnnà sí ògiri. Ayọ̀ká yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀wù tó fi ń lọ sílé àna ló wọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ọnà sí lọ́rùn.

"Bọ́ ẹ̀wù yẹn. Ìwọ lo bó agbada yìí láwọ̀, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ láwọ̀ padà."

Bí Ògúndíjọ ṣe jókòó sídìí iná lójú gbogbo àna nìyẹn. Ó fi epo pa agbada, ó gbé e ka iná títí ó fi rú èéfín, ó nù ún, ó tún fi epo pa á. Ayọ̀ká dúró tì í tòun tìgbákọ.

"Ó ti dúdú, Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Ó pọ́n. Tún un ṣe."

"Ojú mi ń ta mí."

"Ojú náà kò mà ta ọ́ nígbà tó o ń fọ̀ ọ́. Tún un ṣe."

Èéfín gba agbo ilé kan. Òkú tí ẹnikẹ́ni kò sunkún fún láti ìjelòó, gbogbo ẹbí wá ń fi etí aṣọ nu omi ojú. Àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní àwọn ènìyàn yìí mà fẹ́ràn bàbá wọn.

Díẹ̀díẹ̀, agbada bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó rí bí ẹ̀pà yíyan, ó rí bí obì gbígbẹ, ó wá dúdú, ó ń dán. Ògúndíjọ ń wò ó bí ẹni ń wo àkọ́bí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó, imú rẹ̀ ń ṣomi, aṣọ abẹ́ rẹ̀ ti di ti alágbẹ̀dẹ.

Àdùbí náà rí i pé agbada ti dúdú. Ó rọra bu omi ọṣẹ, ó mú kànìnkànìn, ó ń fi ìdí rìn bọ̀.

"Àna wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Agbada yín ti dọ̀tí jù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́ kí àwọn àgbà tó rí i."

Ó na kànìnkànìn. Ògúndíjọ fò dìde, ó dúró sáàárín obìnrin náà àti iná, ojú rẹ̀ pọ́n ju epo lọ.

"Àdùbí, bí ẹ̀kán kan nínú ọṣẹ yẹn bá bọ́ sí agbada yìí, òkú méjì la máa sin lónìí. Ta ló sọ fún ọ pé ó dọ̀tí? Ṣé tí nǹkan bá ti dúdú, ṣe lẹ máa ń kù gìrì mú ọṣẹ ni? Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni? Kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ló dọ̀tí."

Ayọ̀ká wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

"Agbada ni," ni Ògúndíjọ wí.

Ayọ̀ká da òróró tuntun sí i. Ó ta àkàrà. Ó wú, ó yí ara rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ó léfòó, ó yọ̀ sínú ìgbákọ láìsí ìjà. Wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn àgbà nígbà tí òjìji igi ṣì ń yọ́ bọ̀ lẹ́bàá ògiri, tí kò tíì kàn án. Bàbá Oyèékàn fi eyín rẹ̀ tó kù bù ú jẹ. Ó ní kí Àdùbí pa iná rẹ̀, igi ìdáná ṣọ̀wọ́n.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ni Ògúndíjọ wí, "ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì dárí jì ọ́. Jẹ àkàrà."

Àwọn àgbà ń jẹ, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ Ayọ̀ká láàárín ara wọn, wọ́n ń fi àkàrà gbé e mì. Nígbà tí wọ́n fi máa tú ká, ó ti di òwe lẹ́nu wọn. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ká apá aṣọ sókè, tó ní òun fẹ́ bá yín tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, ẹ kọ́kọ́ gbé agbada yín pamọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá sọ fún un bí Ògúndíjọ ti sọ ọ́, tòun ti imú tó ń ṣomi: kì í ṣe gbogbo ohun tó dúdú ló dọ̀tí.