Ìyá Àgbà Tó Bá Mi Bẹ Agbẹ̀san

Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo fi sáré ìròyìn kiri, ọ̀sán kan ní Ìjẹ̀gùn ò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Fíìmù àwọn jàǹdùkú ni wọ́n ń yà níbẹ̀, mo sì lọ fọ̀rọ̀ wá olùdarí rẹ̀, Kúnlé, lẹ́nu wò. Ìtàn náà ò le: ọ̀gá jàǹdùkú pa èèyàn, àbúrò òkú sì fẹ́ gbẹ̀san. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe ọ̀gá jàǹdùkú ò wá. Kúnlé wò mí tòkè tilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ikùn yín yìí, ti ọ̀gá jàǹdùkú ni."

Ó yẹ kí n bínú. Inú mi dùn ni.

Wọ́n wọ kóòtù funfun fún mi, wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, kí n máa bẹ̀bẹ̀. Rẹ̀mí, tó ń ṣe agbẹ̀san, á dúró lé mi lórí, á wò mí títí, kó tó fa ìbọn yọ lápò, kó pa mí. Kúnlé fẹ́ràn àrà: ó gbé kámẹ́rà lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdìkejì, ó ní a ò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Òjò ti rọ̀, ẹ sì mọ ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Mo nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, mo ń sunkún, "Dárí jì mí." Ọlọ́kadà kan dúró. Kò rí kámẹ́rà. Àgbàlagbà tó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé ló rí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọ̀gá mi, ẹ forí jì wọ́n, jàre."

Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà nítòsí náà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí mi. "Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, àbí?"

Mo mi orí pé rárá. Kò gbà mí gbọ́. Ó yíjú sí Rẹ̀mí: "Ọ̀gá, wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ ìyàwó yín mọ́."

Ìgbà tí ìyá àgbà kan fọwọ́ ti ilẹ̀, tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ni nǹkan bà jẹ́ pátápátá. Ọmọ tí wọ́n bí ire, báwo ló ṣe máa dúró kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀? Rẹ̀mí gbàgbé eré, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìbọn fò jáde lápò rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó ń bá mi bẹ̀bẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá nìkan ò lọ. Ó fi ara rẹ̀ bò mí.

"Bó o bá máa yìn ín, èmi ni kó o kọ́kọ́ yìn ín lù."

"Ìyá, fíìmù ni," Rẹ̀mí nàka sí kámẹ́rà lókè. "Ike ni ìbọn yẹn."

Ìyá jókòó sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n pa ọmọ mi, àwọn èèyàn ń kọjá. Kò sẹ́ni tó dúró."

Kúnlé ti sọ̀ kalẹ̀ wá bú wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò bú wa mọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí òun lo ohun tí kámẹ́rà ti ká.

"Lò ó," ni ìyá wí. "Kí wọ́n rí i bí wọ́n ṣe ń báni bẹ̀bẹ̀."

Bí fíìmù ẹ̀san ṣe di ti ìdáríjì nìyẹn. Àwọn akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ mi kọ ọ́ pé ó dùn ún wò, àmọ́ ìtàn rẹ̀ ń tiro: ta ni ìyá tó já wọlé lópin, níbo ló ti wá? Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé bí èèyàn bá wà nílẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀, ká kọ́kọ́ bá a bẹ̀ ná, ká tó bèèrè ohun tó ṣe. Èmi tó jẹ́ pé ìbéèrè ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dénú.