Orí Àbọ̀ Kápẹ́ńtà àti Kóòṣì Tó Pàdánù Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹni tó gbé e wá kò fẹ́ ṣí fìlà níwájú Baálẹ̀. Èmi ni mo máa ń to àga nínú gbọ̀ngàn náà, ojú mi sì ti rí nǹkan: ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ewúrẹ́, ẹjọ́ ọkọ tó ń hanrun jù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n sọ àwọn tí orí wọn kò pé jù nínú gbogbo wọn, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Ẹni tí kò lè sáré dé ìkóríta kó má mí hẹlẹhẹlẹ, òun ni yóò jókòó tí yóò máa kọ́ ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun bí wọ́n ṣe ń sáré.

"Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín ó gùn," ni olùpẹ̀jọ́ wí. Kápẹ́ńtà ni, géńdé tó ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ṣí fìlà rẹ."

"Baálẹ̀, abẹ́ fìlà yìí gan-an ni ẹjọ́ náà wà."

"Mo ní kí o ṣí i."

Ó ṣí i. Gbogbo ìgbìmọ̀ pariwo. Apá ọ̀tún orí rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, apá òsì sì kún fún irun dúdú kìjikìji. Ààlà tó wà láàárín wọn tọ́ débi pé kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ kò lè fi rúlà fà á tó bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí fún ọ?"

"Ọ̀gá Kílípà nìyẹn, Baálẹ̀. Ẹ wò ó, ó tún ń rẹ́rìn-ín!"

Ọ̀gá Kílípà ni gbogbo àdúgbò ń pe onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì. Lóòótọ́ ló ń rẹ́rìn-ín.

"Sọ ẹjọ́ rẹ," ni Baálẹ̀ wí fún Kápẹ́ńtà.

"Mo lọ gẹrun ní Sátidé, torí mo fẹ́ lọ kí bàbá àfẹ́sọ́nà mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ wa, Ẹgbẹ́ Pupa, tún fìdí rẹmi. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ni wọ́n tíì gbá láti ìgbà tí sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pàdánù méjèèjì. Mo wá ní kí wọ́n lé kóòṣì yẹn. Ohun tí mo sọ ò ju ìyẹn lọ! Bí ọkùnrin yìí ṣe pa kílípà nìyẹn. Ó ní òun ò gẹ̀ mọ́, kí n dìde lórí àga òun."

"Kí ló dé tí o ò lọ bá onígbàjámọ̀ mìíràn?"

"Òfin ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀ ni, Baálẹ̀. Orí tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bá yọ̀ǹda. Mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Bí wọ́n ṣe ń rí ààlà yìí ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn."

"Ṣé o ò ní abẹ nílé ni?"

"Mo gbìyànjú ẹ̀. Ẹ wo etí mi."

A wo etí rẹ̀. Pílásítà wà níbẹ̀.

"Mo dé fìlà lọ sílé bàbá ìyàwó mi," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n ní kí n ṣí i kí n tó jẹun. Mo ṣí i. Baálẹ̀, wọ́n gbé abọ́ kúrò níwájú mi! Wọ́n ní àwọn ò fọ́mọ fún ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀: kí Ọ̀gá Kílípà parí orí mi, kó sì tẹ̀ lé mi lọ sọ fún wọn pé ara mi yá. Mi ò fẹ́ pàdánù ọmọbìnrin yẹn."

Àánú rẹ̀ ì bá ṣe mí, tí kì í bá ṣe pé mo ti gbọ́ bó ṣe máa ń bú ìyá akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn láràárọ̀, obìnrin tí kò mọ̀ rí, tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Baálẹ̀ yíjú sí olùjẹ́jọ́. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ, mi ò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹ̀kọ́ wo?"

"Ó ní kí wọ́n lé ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ò tíì dé ìdajì. Mo ní ó dáa, jẹ́ n fi bí iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró lágbedeméjì ṣe ń rí hàn ọ́. Ó ti rí i báyìí. Gbogbo àdúgbò náà sì bá a rí i."

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún Baálẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó fọwọ́ lé etí, ó ń mi orí jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó ń ronú ohun tó jinlẹ̀.

Ẹ̀rín wọn yẹn ló dùn mọ́ Ọ̀gá Kílípà nínú. "Kóòṣì gidi nìyẹn, Baálẹ̀! Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to àwọn ọmọ ẹ̀ jọ ni. Sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sùúrù ló gbà! Kódà kó pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo wà. Èmi kì í ṣe aláìnísùúrù èèyàn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

"Sùúrù wo?" Kápẹ́ńtà fò dìde. "Kóòṣì tó gbé Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì, agbábọ́ọ̀lù wa, lọ sápá ọ̀tún! Baálẹ̀, ẹni tí ò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Ṣé kò yẹ ká lé irú kóòṣì bẹ́ẹ̀?"

"Ọgbọ́n ni!" Ọ̀gá Kílípà dá a lóhùn. "Ó gbé e sápá ọ̀tún kó lè da àwọn ọ̀tá lójú rú. Ọgbọ́n inú, ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n!"

"Ó da ojú àwa tiwa rú ńkọ́?"

"Ẹ̀yin tí ojú yín ti rú tẹ́lẹ̀!"

Baálẹ̀ fọ̀pá lu ilẹ̀. "Ẹlẹ́rìí dà?"

Fọganáísà dìde, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ̀rá táyà. Lórí bẹ́ǹṣì inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa ń jókòó sí tí iṣẹ́ kò bá sí.

"Baálẹ̀, irọ́ làwọn méjèèjì ń pa. Apá òsì ni Ẹlẹ́sẹ̀-Òsì ti gbá bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fojú ara mi rí i."

"Irọ́!" Kápẹ́ńtà àti Ọ̀gá Kílípà jọ pariwo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ohùn wọn yóò ṣọ̀kan nìyẹn.

"Apá òsì ni! Kódà, ó gbá góòlù kan wọlé níbẹ̀."

"Ṣé Pupa jẹ góòlù ni?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Rárá, Baálẹ̀. Rẹfirí fagi lé e."

"Rẹfirí ò fagi lé nǹkan kan!" ni Kápẹ́ńtà wí.

"Tàbí kó jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kó wọlé. Ẹnì kan gbé mọ́tò dé lásìkò yẹn, mo sáré jáde lọ lẹ táyà fún un."

"O ò sí níbẹ̀, o wá jẹ́rìí sí góòlù?"

"Mo gbọ́ ariwo, Baálẹ̀. Ariwo yẹn jọ ariwo góòlù."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí. "Ọ̀gá Kílípà, ibo ni tẹlifíṣọ̀n wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Lára ògiri ẹ̀yìn ni, òkè orí bẹ́ǹṣì kejì."

"Àga tí o fi ń gẹrun ńkọ́?"

"Ó kọjú sí dígí ńlá tó wà níwájú."

"Kápẹ́ńtà, orí àga yẹn lo jókòó sí nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀. Òun nìkan ló ní ìrọ̀rí. Orí ẹ̀ náà ni mo ti wo ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Irùngbọ̀n ni mo lọ gẹ̀ nígbà yẹn."

"Ọ̀gá Kílípà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwọ náà dúró sí?"

"Ibẹ̀ náà ni, mò ń gẹrun."

"Tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́yìn ẹ̀yin méjèèjì. Báwo lẹ ṣe ń rí i?"

"Nínú dí..." Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀. Kò parí rẹ̀.

"Tí o bá gbé ọwọ́ òsì sókè níwájú dígí, ọwọ́ wo ni ẹni tó wà nínú dígí máa gbé?" Baálẹ̀ mi orí. "Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹni tó wo bọ́ọ̀lù nínú dígí, òsì á di ọ̀tún lójú rẹ̀; ojú tirẹ̀ ló yí, pápá kọ́."

Mo fi àga tí mo gbé lọ́wọ́ sílẹ̀ kí n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọ̀kan fẹ́ lé ọkùnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí kò ṣe. Èkejì ń yìn ín fún ọgbọ́n tí kò ronú kàn. Gbogbo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù kọ òdìkejì sí wọn lójú lọ́sẹ̀ méjì gbáko, kò sí ẹni tó fura nínú wọn.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ̀yin ti fá ti kóòṣì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tún gba òdì fá a. Bàbá ọmọ dà?"

Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ẹgbẹ́ Búlúù ló ń fẹ́, àwọn tó jẹ́ alátakò Pupa láti ìgbà ìwásẹ̀.

"Baálẹ̀, ọ̀rọ̀ irun kọ́ ló ń dùn mí mọ́. Irun á hù. Ẹni tó ń lé èèyàn torí pé ó kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ṣé irú ẹ̀ ni mo fẹ́ fọ́mọ fún? Tí ọbẹ̀ bá jóná lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́?"

"Bàbá, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ yín láéláé!"

"Ohun tó o ṣe fún ẹni tó ò rí rí nìyẹn. Ẹni tó o máa rí lójoojúmọ́ ńkọ́?"

Kápẹ́ńtà wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọmọbìnrin náà dúró sí. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ iṣẹ́ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bá mi sọ̀rọ̀ sí i," ló bẹ̀ ẹ́.

"Màá sọ ọ́," ló dáhùn. "Baálẹ̀, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi òfin tiẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti wá kí bàbá mi. Lákọ̀ọ́kọ́, oúnjẹ ti tutù, bàbá mi ti sùn kó tó dé, torí pé Pupa ń gbá bọ́ọ̀lù. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé orí àbọ̀ wá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, kò gba máàkì kan. Kí ni wọ́n ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Kápẹ́ńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì, apá orí rẹ̀ méjèèjì ń làágùn. Lójijì ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́! Sáà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni! Sùúrù ló gbà! Ẹ fún mi láyè!"

"Ẹ ò gbọ́ ọ?" Ọ̀gá Kílípà ń jó. "Ọ̀rọ̀ mi ló ń kà jáde yẹn! Mo ti wí bẹ́ẹ̀! Sùúrù!"

Ijó yẹn ló ń jó lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀tún Baálẹ̀ pariwo pé, "Ó ti parí!"

"Kí ló parí?" ni Baálẹ̀ bi í.

Ojú ti Ọ̀tún. Ó fa okùn rédíò kékeré kan yọ ní etí tí ó ti ń fọwọ́ bò láti ọ̀sán. "Ẹ má bínú, Baálẹ̀. Pupa ni. Wọ́n tún ti nà wọ́n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí."

"Kí lẹ wí?" Ọ̀gá Kílípà fò sókè. "Ẹ lé e! Lónìí olónìí, ẹ lé kóòṣì yẹn! Ọ̀lẹ, aláìmọ̀kan, ta ló tiẹ̀ gbà á síṣẹ́?"

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì rọra jókòó.

Baálẹ̀ dìde. "Má jókòó síbẹ̀. Bọ́ sórí àga tó wà láàárín yìí. Kápẹ́ńtà, mú kílípà rẹ̀."

"Baálẹ̀, mi ò mọ irun gẹ̀."

"O ò mọ bọ́ọ̀lù náà, ìyẹn ò dí ọ lọ́wọ́. Gẹ apá òsì rẹ̀, fi apá ọ̀tún sílẹ̀."

Ó gẹ̀ ẹ́. Kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ó tẹ́ wa lọ́rùn.

"Ó dáa," ni Baálẹ̀ wí. "Ìwọ ní irun lápá kan, òun ní lápá kejì. Tí ẹ bá dúró ti ara yín, irun orí kan pé. Orí kan ṣoṣo náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń lò tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí aráyé rí i ni. Kò sí abẹ, kò sí kílípà, kò sí fìlà, títí Pupa yóò fi borí lẹ́ẹ̀kan."

"Ìgbéyàwó mi ńkọ́, Baálẹ̀?"

Baálẹ̀ wo nọ́ọ̀sì. "Ìwọ lo ni ìyẹn."

"Ọjọ́ tí Pupa bá borí, kó gẹ orí ẹ̀, kó máa bọ̀," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé kóòṣì yẹn ṣáájú ọjọ́ náà, kí òun náà gbà pé wọ́n ti lé òun."

"Bí mo ṣe dá ẹjọ́ náà nìyẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Ọ̀tún, àwọn wo ni wọ́n máa bá gbá tẹ̀ lé e?"

"Búlúù ni, Baálẹ̀."

Tíṣà àgbà yọ awò ojú, ó fi aṣọ nù ún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ sílé.

Láàárọ̀ yìí ni mo gba ìwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Kílípà kọjá. Kápẹ́ńtà ti yí àga yẹn padà, ó kẹ́yìn sí dígí, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Fọganáísà wà nídìí táyà lódìkejì, ó pariwo sí i pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé kóòṣì yẹn jàre, ká sinmi!"

Kápẹ́ńtà jáde sí títì tòun ti orí àbọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kóòṣì tó dára jù láyé! Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré, ẹ ti fẹ́ lé e? Kí lẹ̀yin tiẹ̀ mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù?"