Àga Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kun

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn kan péré. Tí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ jókòó."

Ọmọ mi obìnrin ló ń bẹ̀ mí báyìí láàárọ̀ ọjọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa jáde girama. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ igi. Gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀, ọmọ Ọ̀gá Sùúrù ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ọmọ kan bá ti mú ayùn dání níwájú mi, "Sùúrù!" ni mo máa ń jágbe mọ́ ọn. Ọmọ mi fara da ìyẹn. Ohun tí kò lè fara dà ni ọ̀rọ̀ ìyànjú mi.

Ẹ má dá a lẹ́bi.

Níbi iṣẹ́ wa, tó bá di ọjọ́ ìdágbére, gbogbo olùkọ́ ló máa ń jókòó sórí pèpéle, a ó sì máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba àwọn tó ń lọ níyànjú. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kẹ́yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ látorí bí a ṣe ń yan pákó. Kí n tó dé orí ìṣó, bàbá kan ti sùn, ó ti jí, ó ti bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ọkùnrin yẹn náà ló ṣì ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún yìí ẹ̀wẹ̀, ọmọ mi ni wọ́n yàn pé kó dúpẹ́ lórúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi gan-an ni mo sì máa sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ní tí mo bá fi lè dójú ti òun, òun ò ní lè la ẹnu níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo máa sọ. Sùúrù."

Ẹ̀rín ara mi ń pa mí!

Ṣé ẹ rí i, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìyáàfin kan tí kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí sójú, ti ní kí n tún àwọn àga orí pèpéle kun ní fánìṣì, kí wọ́n máa dán gbinrin lójú àwọn òbí. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo ha àwọn àga náà, mo kun wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Òjò wá ń rọ̀. Fánìṣì kì í sì í tètè gbẹ lójò, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi láàná mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ti àkọ́kọ́ ò bá gbẹ dénú, a kì í kun èkejì lé e. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri yàrá iṣẹ́ wa.

Mo kun èkejì lé e.

Kí ló ń lé mi? Mo fẹ́ tètè délé, kí n lọ dúró níwájú dígí, kí n fi ọ̀rọ̀ nípa sùúrù dánra wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ẹ̀yìn ìka kan àwọn àga náà. Ojú wọn gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Òkè ló gbẹ o, abẹ́ ṣì tutù. Ìdí gbígbóná ló kàn ń dúró dè.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu, ooru sì mú. A jókòó sórí pèpéle nínú aṣọ tó dára jù tí a ní, ọ̀gá wa wọ funfun báláú, máìkì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ń ti orí ìjókòó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ má ṣe jókòó sójú kan láyé wọn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, àwọn àga sì ń mú wa díẹ̀díẹ̀.

Ó wá pe Baba Ìṣirò, olùkọ́ ìṣirò tó dàgbà jù láàárín wa. Baba tún fìlà dé, wọ́n dìde.

Àga bá wọn dìde.

Wọ́n yára padà jókòó, gbì! Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wúkọ́. "Ẹ̀yin ọmọ," wọ́n ní, "ọ̀rọ̀ àgbà, ìjókòó la ti ń sọ ọ́."

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn òbí ń mi orí pé baba yìí gbọ́n.

Olùkọ́ eré ìdárayá ló kàn. Ọkùnrin yìí kì í rìn, sísá ni í sá. Mo rí i tó fi ìdí fa àga wò, ó tún fà á wò, ó sì gba kádàrá. Ó jókòó gbagidi bí ìkòkò lórí àdògán, ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa yára dìde nígbàkúgbà tí wọ́n bá ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe é, ẹnì kan ò dìde. Kálukú rò pé tòun nìkan ló lẹ̀, kálukú ń fi ẹ̀rín músẹ́ bo ìtìjú ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ló lẹ̀. Òógùn bò mí. Mo wo ọmọ mi nísàlẹ̀, ó wo ìdí àwọn olùkọ́ lọ títí, ó wá wò mí. Mo ní kò burú, ṣebí ó ní kí n sọ ọ́ kí n jókòó. Màá wà níbi tí mo wà, màá sọ ọ̀rọ̀ kan mi, ó parí.

Ọ̀gá wa fa máìkì mọ́ra. Ó ní kí àwọn òbí wo bí àga ṣe ń dán, pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kan nínú wa ni.

"Ọ̀gá Sùúrù, ẹ dìde kí wọ́n rí i yín dáadáa."

Ó tán.

Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé ibi tí mo wà yìí náà dára. Ó ní ojú ló ń tì mí, kí àwọn òbí bá òun pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo gbọ̀ngàn bá bẹ̀rẹ̀: pà! pà! pà! Kí ni kí n ṣe? Mo dìde.

Èmi àti àga.

Mo rìn lọ síbi máìkì, ó wà lẹ́yìn mi bí ọmọ tí a pọ̀n, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà gbọnrangandan. Mo ní, "Sùúrù." Ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀ ni! Mo tún tẹríba fún àwọn òbí. Bí mo ṣe tẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ àga gbéra sókè, ó gbá fìlà Baba Ìṣirò lọ, fẹ́ẹ́! Mo yí padà láti bẹ̀ wọ́n, ẹsẹ̀ kejì gbá omi orí tábìlì lé ọ̀gá wa lára, wàà! Baba Ìṣirò nawọ́, wọ́n di àga mú, wọ́n ní kí n dúró jẹ́ẹ́. Èmi Ọ̀gá Sùúrù, n ò dúró jẹ́ẹ́. Mo fa ara mi síwájú.

Fàààààààà!

Àga kù sọ́wọ́ Baba. Ìdí ṣòkòtò mi kù sára àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Pátá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ti fi àjákù aṣọ fèrèsé wa lẹ̀ ẹ́, èyí tó ní òdòdó pupa ràkọ̀ràkọ̀. Kò sí ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó ti wá sílé wa rí tí kò mọ aṣọ náà. Ohùn ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ jáde: "Aṣọ fèrèsé pálọ̀ wọn rèé."

Kà kà kà kà!

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi tó wà láàárín àwọn òbí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Àwọn olùkọ́ tó lẹ̀ mọ́ àga náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa ń nu omi lára, ó ń rẹ́rìn-ín, òun ṣáà rò pé tèmi nìkan ló lẹ̀. Kì í ṣe ti ara mi ló dùn mí. Ọmọ mi tó ti ń gun àtẹ̀gùn pèpéle bọ̀ ló dùn mí. Ọjọ́ kan péré tó fẹ́ kí n má ba nǹkan jẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́.

Ó gba máìkì. Kò wò mí. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Bàbá mi ṣèlérí fún mi láàárọ̀ yìí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn máa sọ," ó ní. "Wọ́n mú un ṣẹ."

Ẹ̀rín tún sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ gbọ̀n. Ó wá yíjú sí pèpéle tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo yín dìde kí a lè pàtẹ́wọ́ fún yín."

Ẹ̀rín gé lẹ́nu wọn. Baba Ìṣirò ní orúnkún ń ro àwọn. Olùkọ́ eré ìdárayá ní iṣan ló fa òun. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ti nàró, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́: pà! pà! pà! Ọ̀gá wa tí kò tíì mọ nǹkan kan ló kọ́kọ́ dìde, ó gbórí sókè bí ọ̀gá.

Àga bá a dìde.

Ni àwọn yòókù bá dìde tàgatàga. Fà! Fà! Fààà! Pèpéle kún fún olùkọ́ tó hu ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni n ò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, èmi àti òdòdó mi.

Ọmọ mi bọ́ ẹ̀wù ìdágbére ọrùn rẹ̀, ó so ó mọ́ mi nídìí. Mo bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ó mọ̀ ni. Ó ní lọ́dún tí bàbá òun kun àga, tí gbogbo olùkọ́ wá ń jókòó sọ̀rọ̀, kí ló kù tí òun ò mọ̀.

"Dádì, tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ìtìjú ni," ó ní. "Nígbà tó ti di gbogbo wọn, ayẹyẹ ni."

Nígbà tí a délé, ìyá mi àgbà tí kò lè bá wa lọ ti fa àga sílẹ̀ dè mí. Wọ́n ní kí n jókòó kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìyànjú ṣe lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ìka kan àga náà. Ó gbẹ.

Mo ní ẹ ṣeun màmá, ìdúró ni màá ti sọ ọ́.