Ikùn Gíláàsì Tí Mo Fún Ní Iyán

Ọjọ́ tí mo fún ikùn gíláàsì ní iyán jẹ, bí mo dàgbà di arúgbó, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ibi ìwádìí kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń wádìí àrùn inú: ọgbẹ́ inú, ìgbẹ́ gbuuru àti àìdà oúnjẹ. Ọ̀gá mi, dókítà obìnrin kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, ló kó ìgò àti rọ́bà jọ, tó fi ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ṣe bí ikùn èèyàn. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara, oje kíkan ń kán sí i, mọ́tò kékeré kan sì ń fún rọ́bà rẹ̀ kí oúnjẹ lè máa sọ̀kalẹ̀. Ara rẹ̀ la ti ń wo bí àrùn ṣe ń bá ikùn jà, ká má baà máa fi ikùn ọmọ ọlọ́mọ dán oògùn wò. Èmi ni mo ń bọ́ ọ. Ìrẹsì lílọ̀ tí a sẹ́ dáadáa nìkan ló ń jẹ, ṣíbí mẹ́rin péré, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe mí.

Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni tèmi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn àlejò tí ọ̀rọ̀ ìwádìí náà wà lọ́wọ́ wọn ń bọ̀ wá wò ó. Bó bá wù wọ́n, wọn á gbà mí pátápátá; bí kò bá wù wọ́n, kí n máa lọ sílé. Ọ̀gá mi fẹ́ lọ pàdé wọn ní àdúgbò Fájuyì láàárín ìlú.

"Aago mẹ́wàá ni kó o bọ́ ọ," ó ní. "Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn o."

"Ó ti yé mi, mà."

Mo ṣí fíríìjì, òórùn lù mí nímú. Iná ti lọ láti àná, àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìrẹsì ti bàjẹ́. Fóònù wà lápò mi o, ọlọ́gbọ́n ì bá pe ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán mi wà nínú kúlà: iyán àti ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí. Mo bi ara mi pé ikùn wo ní Èkìtì ni kò mọ iyán? Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Mo bu òkèlè mẹ́ta, mo fi omi gbígbóná pò ó, mo bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i kó má baà tẹ́ ẹ lẹ́nu, mo sì rọ ọ́ fún un.

Ó gbé e mì. Inú mi dùn bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Kò pẹ́ tí iyán fi dì mọ́ra ní ọrùn rọ́bà, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo wá yí mọ́tò sókè kó lè ní agbára sí i. Rọ́bà wú. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí.

"Báyìí ni ikùn tí ara rẹ̀ dá ṣe ń da oúnjẹ," ni ọ̀gá mi ń wí fún àwọn àlejò.

Rọ́bà já. Iyán bọ́ sórí fìlà bàbá dókítà tó ṣíwájú wọn, ẹ̀gúsí sì bo gíláàsì ojú rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Mo ti ń ronú ibi tí mo máa ti wá iṣẹ́ mìíràn.

Bàbá náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó rọra nù ún. "Kí lẹ fún un jẹ?"

"Iyán ni, sà."

"Uyán," ó ní, bí ọmọ Èkìtì gidi. Ó yíjú sí ọ̀gá mi. "Dókítà, àwọn tí inú ń run tí wọ́n ń wá bá wa, kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Iyán, sà."

"Ẹ̀rọ yín ò wá tíì rí i rí?"

Ọ̀gá mi fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ "iyán" sí i.

Àwọn àlejò ní kí iṣẹ́ máa lọ, kí ẹ̀rọ sì máa jẹ ohun tí àwọn aláìsàn ń jẹ, wọ́n sì gbà mí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan kún ìwé iṣẹ́ mi: ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, èmi ni yóò máa gún iyán fún ẹ̀rọ, tí n ó pò ó, tí n ó sẹ́ ẹ, tí n ó sì wọ̀n ọ́n. Abéèrè kì í ṣìnà. Ká ní mo pè é lórí fóònù ni, àtẹ́lẹwọ́ mi ì bá má là. Bí mo bá ń gún un lọ́wọ́, ọ̀gá mi a yọjú lójú fèrèsé, a ní, "Ṣé kò ní kókó?" Màá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Iṣẹ́ tí mò ń wá ni mo rí. Odó ló bá a wá.